Iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ fẹ́ gbówó sílẹ̀ fún ètò bọ́ọ̀lù mi, àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n ní kí n máa sọ

Atọ́kùn_Sátidé:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ̀ pé àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ pọ̀ níbí, àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ náà sì máa ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá.

Ètò eré ìdárayá lédè Yorùbá ni mò ń ṣe ní iléeṣẹ́ rédíò kan n'Ìbàdàn láàárọ̀ Sátidé. Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn o. Ńṣe ni mò ń ra àkókò, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń ṣe. Tí ìgbà owó bá ti tó, ẹ̀ka ìpolówó á pè mí pé iye tí àwọn ń ta wákàtí ti lọ sókè, kí n tètè wá san án kí wọ́n tó gbé e fún pásítọ̀ kan tó ti ń dúró. Ohun tí mo bá rí gbà lọ́wọ́ onígbọ̀wọ́ ni mo fi ń san án, òun ni mo fi ń ra dátà, òun náà ni mo fi ń fún ọmọ tó ń bá mi lọ gba ohùn àwọn agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní Adámásingbà lówó ọkọ̀ nígbà tí Shooting Stars bá ń gbá nílé. Tó bá ṣẹ́ kù, ìyàwó mi á rí nǹkan kan. Kì í sábà ṣẹ́ kù.

Ìyá kan tó ń ta àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ló ṣe onígbọ̀wọ́ ètò náà tẹ́lẹ̀. Ìyá yẹn ò yọ mí lẹ́nu rárá. Jíńgù rẹ̀ á wọlé níbẹ̀rẹ̀, á tún wọlé láàárín, gbogbo ayé mọ̀ pé ìpolówó àgbo ni, kò sì ní kí n sọ pé Osimhen mu nínú rẹ̀ kó tó ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ọjà ò tà mọ́, ìyá ti dáwọ́ dúró.

Iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù kan ló wá rán aṣojú wọn sí mi báyìí. Ẹ má bi mí lórúkọ wọn. Wọ́n ní àwọn á san owó àkókò mi ti odidi ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn á sì máa fún mi ní nǹkan tèmi lóṣooṣù. Mo dúpẹ́, mo gba ìwé àdéhùn délé, mo jókòó kà á. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé wọn ò fẹ́ jíńgù. Aṣojú náà sọ ọ́ lẹ́nu pẹ̀lú: ó ní bí jíńgù bá ti ń dún, àwọn èèyàn á yí rédíò sí ibòmíràn. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé nígbà tí mo bá ń tú eré ọjọ́ náà palẹ̀, tí mò ń sọ ẹni tó fara pa àti ẹni tí káàdì kò jẹ́ kó gbá, kí n kàn fi kún un pé èmi ní tèmi, Arsenal ni mo fi sí i, kí n wá ka búkìn kóòdù jáde, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí èèyàn á tẹ̀ tí tẹ́tẹ́ tí wọ́n ti tò sílẹ̀ á fi jáde. Àwọn ni wọ́n á máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ Furaidé o. Ìwé náà sọ pé ó gbọ́dọ̀ dún bí èrò ọkàn atọ́kùn fúnra rẹ̀.

Ó tún wà níbẹ̀ pé tí olùgbọ́ bá pè láti ṣàròyé pé òun jẹ owó, iléeṣẹ́ náà ò sì tíì san án, kí n gé ìpè náà, kí n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni tó bá fi kóòdù mi forúkọ sílẹ̀, èmi náà á ní ìpín lórí rẹ̀: ìdá 25 nínú 100 lára ohun tó bá kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san èrè. Apá yìí ò fi bẹ́ẹ̀ yé mi. Gẹ̀ẹ́sì lọ́yà ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ọ̀gbẹ́ni ọlọ́kadà kan wà ní apá Òjòó tí kì í pa Sátidé kan jẹ. Kì í bi mí bí eré ṣe máa rí. Tí mo bá ti ní “ẹ káàárọ̀ o”, ohun tó máa sọ ni “Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń jẹ lónìí?” Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń ní bí mo bá mọ ẹni tó ń jẹ, ṣé màá ṣì máa sáré wá sí ilé rédíò láàárọ̀ Sátidé ni? Tí mo bá buwọ́ lu ìwé yìí, mo ní láti dá a lóhùn, kóòdù ni ìdáhùn náà.

Mo sì tún ń rò ó sí ọ̀nà kejì. Gary Lineker ṣe atọ́kùn ètò bọ́ọ̀lù Match of the Day fún BBC láti 1999 di 2025, òun kan náà ló ń polówó ìpékeré Walkers láti nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1990. Ta ló sọ pé kì í ṣe ọmọlúàbí? Nílé wa níbí, Kunle Soname tó wà lára àwọn tó dá Bet9ja sílẹ̀ ló ni Remo Stars, ẹgbẹ́ náà sì gba ife NPFL, líìgì tó ga jù nílẹ̀ wa, ní sáà 2024/25, gbogbo wa la pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé orúkọ Bet9ja gan-an ni wọ́n fi ṣáájú orúkọ líìgì kejì wa. Ẹni tó ni ẹgbẹ́ ń jẹ níbẹ̀, àwọn tó ń ṣe líìgì jẹ níbẹ̀, ṣé èmi tí mò ń ròyìn ẹ̀ nìkan ni kí n máa fi ọwọ́ nu ẹnu?

Ẹ dákun, kí lẹ rí sí i? Mo nílò owó yìí o, mi ò ní parọ́.

Ọmọ_Bẹẹrẹ:

Gba owó ẹ jàre. Àwọn akọ̀ròyìn tó ń tò láti gba énfílọ́ọ̀pù lẹ́yìn ìpàdé oníròyìn, ta ló mú wọn? Tí o ò bá ka kóòdù yẹn, ẹni tó wà ní iléeṣẹ́ tó kọjú sí tiyín á kà á, ọlọ́kadà ẹ á sì yí rédíò síbẹ̀. Ìgbà tí ilé rédíò bá lé ẹ jáde, ṣé ìwà ọmọlúàbí lo máa fi san owó ilé ìwé ọmọ? Buwọ́ lù ú kó o tó pe ẹnì kankan sí ìpàdé.

Ìyá_Ìsọ̀:

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gbẹ́ni atọ́kùn. Ìsọ̀ tẹ́tẹ́ ni mò ń bá èèyàn jókòó sí lápá Ìwó Road, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí fún yín.

Atọ́kùn kan wà tó ti ń ka irú kóòdù yẹn lórí rédíò. Mi ò sọ ẹni tó jẹ́. Tó bá ti kà á tán, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹlòmíì fi báírò kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, òógùn á ti pa lẹ́tà méjì rẹ́, á wá máa bi ará ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pé ṣé B ni àbí 8. Ẹlòmíì kọ ọ́ sẹ́yìn páálí sìgá. Bàbá kan tí kò mọ̀wé máa ń mú ọmọ ẹ̀ tó wà ní pírámárì dání kó lè bá òun ka lẹ́tà náà fún mi, ọmọ tí kò yẹ kó tẹ ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ wa rárá. Kò sí èyí tó ń bi mí pé ẹgbẹ́ wo àti ẹgbẹ́ wo ló wà nínú ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé “ti ọ̀gá rédíò ni kẹ́ ẹ bá mi tẹ̀.”

Mo máa ń wo ohun tó bá jáde láti ẹnu ẹ̀rọ. Eré mẹ́jọ, eré mẹ́wàá, nígbà míì méjìlá. Ẹ jẹ́ ká ní gbogbo ẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ tó lágbára, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àǹfààní 70 nínú 100 láti jẹ. Ẹ so mẹ́jọ pọ̀, kò tó 6 nínú 100 mọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù yín. Èèyàn máa ń rò pé eré kan ṣoṣo ló gé tíkẹ́ẹ̀tì òun, pé díẹ̀ ló kù, ìyẹn ló sì ń mú un padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fi ẹyọ kan tàbí méjì sí i, mo máa ń sanwó fún irú wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ti ọ̀gá rédíò yẹn, tí mo bá ní mo rántí ọjọ́ tí mo san án, irọ́ ni.

Ẹ wá wo ibi tẹ́ ẹ ní kò yé yín. Ohun tó bá kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san èrè, owó tí àwọn tẹ́ ẹ kó wá pàdánù nìyẹn. Kò lọ́jú pọ̀. Bí ọlọ́kadà yẹn bá jẹ, owó yín á dín. Bó bá ta ẹgbẹ̀rún márùn-ún nù, ẹgbẹ̀rún kan àti igba àti àádọ́ta náírà nínú ẹ̀, tiyín ni. Ó máa pè yín láàárọ̀ Sátidé láti bèèrè ẹni tó ń jẹ, ìgbà tó bá sì pàdánù lẹ ó tó gbowó.

Èmi náà ń gba kọ́míṣọ́ọ̀nù, mi ò wẹ ara mi mọ́. Àmọ́ ẹni tó bá wọ ìsọ̀ mi rí àwòrán tẹ́tẹ́ lára ògiri, ó mọ ibi tó wọ̀. Ẹni tó tan rédíò, ìròyìn bọ́ọ̀lù ló rò pé òun ń gbọ́.

Dàpọ̀_Houston:

Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Ìsọ̀ sọ yìí, Amẹ́ríkà náà ń jà á lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n mú méjì wá.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2011, wọ́n ń gbá Rose Bowl ní Pasadena, yunifásítì TCU àti Wisconsin, bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ jù. Akọ̀ròyìn Erin Andrews wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá fún ESPN, iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn eré ìdárayá, ó ròyìn pé bàtà tuntun tí Nike ṣe fún àwọn ọmọ TCU ń yọ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, ìròyìn jáde pé Reebok ti gbà á láti máa polówó bàtà wọn. Gbogbo ilé gbaná. Ẹ fara balẹ̀ wo èyí o: kò sẹ́ni tó fi hàn pé irọ́ ló pa. Ó ṣeé ṣe kí bàtà náà máa yọ̀ lóòótọ́, àwọn èèyàn rí i tí ẹsẹ̀ ń yọ̀ lórí tẹlifíṣàn. Àmọ́ òótọ́ náà ò wúlò mọ́, torí kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ọ kó má ronú kan Reebok. ESPN padà ṣòfin tuntun lọ́dún yẹn nípa àwọn ìpolówó tí òṣìṣẹ́ wọn lè gbà.

Èkejì jẹ́ ti tẹ́tẹ́ gan-an. Ilé ẹjọ́ tó ga jù níbí yọ òfin tó ń dí àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ kúrò ní oṣù Karùn-ún 2018, láti ìgbà náà ni tẹ́tẹ́ ti wọ inú gbogbo ètò eré ìdárayá. Ní oṣù Kẹfà 2023, lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ NBA fẹ́ mú àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, Shams Charania, ọ̀kan nínú àwọn tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé fún ìròyìn NBA, kọ ọ́ síta pé orúkọ Scoot Henderson, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà, ti ń gbilẹ̀ fún ipò kejì nínú àwọn tí wọ́n máa mú. Ká tó ṣẹ́jú, iye tí wọ́n ń san lórí Henderson ti yí bìrí lọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́, àwọn èèyàn rọ́ lọ fowó lé e. Nígbà tó di alẹ́, Brandon Miller ni ẹgbẹ́ Charlotte mú sí ipò kejì náà. Shams ní àdéhùn pẹ̀lú FanDuel nígbà yẹn, FanDuel sì ń gba tẹ́tẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kan náà tó ń ròyìn. Wọ́n ní àwọn ò mọ ohun tó fẹ́ kọ kó tó kọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó mú ẹ̀rí wá pé irọ́ ni. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó fún un níròyìn ló ṣì í lọ́nà. Àmọ́ ta ló fẹ́ jókòó wádìí ìyẹn nígbà tí owó ẹ̀ ti lọ?

Ẹ̀gbọ́n atọ́kùn, tẹ́ ẹ bá ti ń ka kóòdù, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rí ìròyìn gidi gbọ́ pé gólí Shooting Stars fara pa, àwọn èèyàn á ní ẹ ti tún fẹ́ kó àwọn lọ sí ìsọ̀ tẹ́tẹ́.

Àdùkẹ́_Peckham:

Ti Lineker nìkan ni mo fẹ́ dá sí. Ìpékeré ò sí nínú eré bọ́ọ̀lù. Kò sí ohun tó máa sọ nípa Leicester tó máa mú kí èèyàn ra páálí Walkers méjì dípò ẹyọ kan. Tẹ́tẹ́ ńkọ́? Gbogbo gbólóhùn tí atọ́kùn bá sọ nípa ẹni tó fara pa, ọjà ni.

Àwọn ará Ìlú Ọba níbí gan-an ti ń fà sẹ́yìn. Láti oṣù Kẹjọ 2019, àwọn iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ fúnra wọn gbà pé kí ìpolówó àwọn má wọlé láàárín eré tí wọ́n ń fi hàn lójú ẹsẹ̀ kí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù. Ní oṣù Kẹrin 2023, àwọn ẹgbẹ́ Premier League fohùn ṣọ̀kan pé kó má sí orúkọ iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ níwájú aṣọ mọ́ láti sáà 2026/27. Apá aṣọ ṣì wà fún wọn o, mi ò ní kẹ́ ẹ pe ẹnikẹ́ni ní ẹni mímọ́.

Ọmọ_Bẹẹrẹ:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Peckham àti Houston, ẹ rọra. Ẹ bá a san owó àkókò náà kó tó gbọ́ ti Lineker.

Bàbá_Máíkì:

Àbúrò mi, mo kí ọ. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rédíò ìjọba, iṣẹ́ bọ́ọ̀lù ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún mi ṣe, ìyẹn ni màá fi gùn díẹ̀. Ọmọ Bẹẹrẹ, ọ̀rọ̀ owó tó o mú wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, màá padà síbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò gbọ́ Ernest Okonkwo. Rédíò Nàìjíríà ló ti ń ṣe àsọyé bọ́ọ̀lù, ó kú ní 1990. Nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, òun ló ń pe Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ní “Mathematical”, ó pe Christian Chukwu ní “Chairman”, Adokiye Amiesimaka tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Èkó wá di “Chief Justice”. Lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹta 1980 tí a na Algeria 3-0 ní Sùúrùlérè nínú àṣekágbá ife Áfíríkà, tí Ọdẹ́gbàmí jù méjì sáwọ̀n, tí Múdà Lawal ju ẹ̀kẹta, inú rédíò ni ọ̀pọ̀ ilé ti rí àwọn góòlù yẹn. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ “Chairman” kó bèèrè pé èló ni Chukwu fún un. Ìbéèrè náà ò tiẹ̀ lè wá síni lọ́kàn. Ohun tí wọ́n fẹ́ rà lọ́wọ́ rẹ báyìí nìyẹn, àbúrò. Tí ó bá jẹ́ wákàtí rẹ ni wọ́n fẹ́, jíńgù á tó wọn.

Mi ò sọ pé áńgẹ́lì ni wá. Owó ọkọ̀ wà nígbà tiwa, alága ẹgbẹ́ á ní kí akọ̀wé òun “rí àwọn oníròyìn”, gbogbo wa á sì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Mo mọ ẹni tó ń kọ pé kóòṣì mọṣẹ́ títí di ọjọ́ tí kóòṣì náà ò “rí” i mọ́. Nígbà tí àwọn àgbà iṣẹ́ ìròyìn kóra jọ sí Ìlọrin ní 1998 láti fọwọ́ sí ìlànà ìwà akọ̀ròyìn, wọ́n kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé akọ̀ròyìn kò gbọ́dọ̀ bèèrè tàbí kó gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ láti gbé ìròyìn jáde tàbí láti tẹ̀ ẹ́ rì. Ẹ wo ti ìpè tí wọ́n ní kó o máa gé yẹn. Ìtẹ̀rì gan-an nìyẹn, wọ́n kàn fi sínú ìwé àdéhùn ni.

Àmọ́ ohun tó yàtọ̀, èmi ò gbà pé tẹ́tẹ́ ló fà á. Ó ti bẹ̀rẹ̀ kí tẹ́tẹ́ tó dé. Òfin 38 ti ọdún 1992 ló dá NBC, àjọ tó ń bójú tó iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn, sílẹ̀, tó sì jẹ́ kí aládàáni lè dá rédíò sílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí i, Brila FM tó jẹ́ kìkì eré ìdárayá kò ní lè bẹ̀rẹ̀ ní 2002, àìmọye ọmọ ló sì ti ríṣẹ́ nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ìjọba ò rówó tó bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ti aládàáni náà ní láti ra dísù sí jẹnẹrétọ̀, gbogbo wọn wá rí i pé ó rọrùn láti fi wákàtí háyà bí ẹni fi ìsọ̀ háyà ju kí wọ́n gba òṣìṣẹ́ lọ. Ẹni tó fi ìsọ̀ háyà kì í bèèrè ohun tí o ń tà. Nígbà tiwa, olóòtú eré ìdárayá wà. Tó o bá kọ ọ́ pé agbábọ́ọ̀lù kan fẹ́ lọ sí Abidjan, á bi ọ́ níbo lo ti gbọ́ ọ, ta tún ni ẹnì kejì tó sọ ọ́, á fi báírò pupa fa ojú rẹ̀ ya bí o ò bá rí i sọ. Èmi àti ọ̀gbẹ́ni yẹn jà títí, mi ò fẹ́ràn rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ta ni olóòtú tìrẹ? Ìwọ náà ni. Ìwọ lò ń ròyìn, ìwọ lò ń yẹ ìròyìn wò, ìwọ lò ń wá ìpolówó, ìwọ lò ń gbowó. Kò sẹ́ni tó lè ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó má kọsẹ̀ níbì kan, bó ti wù kó jẹ́ ọmọlúàbí tó. Nítorí náà mi ò ní bá ọ wí. Àwọn tó ń ta wákàtí fún ọ ni mo ní ìjà bá.

Ti àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, ìwọ ló ṣe é dáadáa. Má gbàgbé pé àwọn ẹlẹgbẹ́ wa pọ̀ tí wọ́n ń búra lórí afẹ́fẹ́ pé àwọn mu igo kan, ẹ̀yìn dídùn lọ. Irú ọ̀rọ̀ kan náà ni pẹ̀lú kóòdù yìí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ti owó. Má lé wọn dànù. Padà lọ bá aṣojú náà, kó o sọ fún un pé láti 2022 tí òfin ARCON, àjọ tó ń bójú tó ìpolówó, ti dé, gbogbo ìpolówó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọjá lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó lè dé etí ará ìlú. NBC náà sì fẹ́ kí olùgbọ́ lè mọ ìpolówó yàtọ̀ sí ètò. Èrò ọkàn atọ́kùn kì í lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ kankan, o ti rí ìdí tí wọ́n fi fẹ́ kó dún bẹ́ẹ̀. Bí wàhálà bá dé, orúkọ ìwọ àti ti ilé rédíò ló máa wà níwájú, wọ́n á ní atọ́kùn ló ń sọ tinú ẹ̀. Ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ tí ìpínlẹ̀ fún wọn hàn ọ́ pẹ̀lú, torí láti oṣù Kọkànlá 2024 tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti fagi lé òfin lọ́tìrì ti ìjọba àpapọ̀, ọwọ́ ìpínlẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Jíńgù ni kó o gbà. Kó ní ohùn ẹlòmíì, kó má jẹ́ tìrẹ, kó sọ pé ọmọ tí kò tó 18 kò gbọ́dọ̀ ta á, kó wọlé nígbà tí o kò sọ̀rọ̀ eré lọ́wọ́. Ti ìpín ìdá 25 yẹn, yọ ọ́ kúrò. Ìyá Ìsọ̀ ti sọ ọ́ ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Wọ́n máa gé owó rẹ, mo mọ̀, bóyá ìdajì. Ìdajì tó kù, wá a lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta sólà, tó ń ta bàtà bọ́ọ̀lù, ilé ìwé aládàáni tó ní pápá. Wọ́n kéré, wọ́n sì ń yọni lẹ́nu láti sanwó, àmọ́ mẹ́ta nínú wọn á dúró.

Atọ́kùn_Sátidé:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ìyá Ìsọ̀, ẹ ṣeun gan-an, mi ò mọ̀ pé ohun tí ìdá 25 yẹn jẹ́ nìyẹn. Mo ka ibẹ̀ fún ìyàwó mi, ó dákẹ́, ó wá ní ọmọ ìyá òun tó ń ta tẹ́tẹ́ á wà lára àwọn tí màá máa jẹ lára wọn.

Mo ti pe aṣojú náà. Nígbà tí mo dárúkọ ARCON, ohùn ẹ̀ yí padà. Ó ní ó dára, àwọn á gba jíńgù, wọ́n á gé owó sí ìdajì bí Bàbá ṣe sọ, ó kù díẹ̀ kí n rẹ́rìn-ín. Ti gígé ìpè olùgbọ́, ó ní òun á bi àwọn ọ̀gá òun. Ó wá tún mú òmíràn jáde: ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń ṣe ètò náà lójú ẹsẹ̀ lórí Facebook, kí n dé fìlà tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí. Ó ní fìlà kì í sọ̀rọ̀. Bàbá, ṣé fìlà náà ò burú?

Ọmọ_Bẹẹrẹ:

Ìdajì owó nítorí gírámà. Ẹ kú orí ire o.

Bàbá_Máíkì:

Fìlà ń sọ̀rọ̀, ìdí tí wọ́n fi fẹ́ kó o dé e nìyẹn. Ní kí wọ́n gbé pátákó kan sẹ́yìn ọ, kí wọ́n kọ “onígbọ̀wọ́ ètò yìí” sórí ẹ̀ gàdàgbà. Orí tìrẹ kò sí nínú ohun tí wọ́n rà.

Má buwọ́ lu ohunkóhun títí wọ́n á fi yọ ti ìpè olùgbọ́ kúrò nínú ìwé. Kì í ṣe lẹ́nu o, kí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀. Tí wọ́n bá ti tún un tẹ̀, fi ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, kó o bo orúkọ wọn. Mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ lọ́yà, kò ní gba owó lọ́wọ́ rẹ.

Ìyá_Ìsọ̀:

Ọ̀gbẹ́ni atọ́kùn, lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà kí àwọn tí wọn ò tíì san owó wọn pè wọlé, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Àwọn tó ń dúró lẹ́nu ìsọ̀ mi nìkan á kún un.